Ẹni Tó Ń Pe Ọmọ Mi ní Àbẹ̀bí

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì 2025
Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ mi ti rí bàbá mìíràn. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyẹn, kó lè kúrò láyà mi.

Toyyibah ni mo ń wí, àbíkẹ́yìn mi, tíṣà Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀pẹ́. Ó fi fídíò ránṣẹ́ lónìí. Ọ̀gá wọn ti gbà kí àwọn ọmọ máa mú fóònù wá sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́rú — fóònù tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n fi ń ya àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tí mo rí bàbá kan láàárín wọn, tó ń hun àwọ̀n, tó ní: "Àbẹ̀bí, sún fóònù yẹn mọ́bí kí wọ́n rí ìka mi."

Àbẹ̀bí kẹ̀? Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá, Toyyibah ló ń pè é.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì
Bàbá Bùsàrí lorúkọ ọkùnrin náà. Apẹja. Nínú ìwé yìí, Onífídíò ni mo sọ ọ́.

Sátidé, 8 Fẹ́búárì
Toyyibah ò wálé. Òun àtàwọn ọmọ lọ sílé Onífídíò lọ ya bí wọ́n ṣe ń so òjé mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Èmi tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èbúté kí Toyyibah tó hu eyín — ta ló ya èmi?

Ìyá Fàwáz, ìyàwó mi, ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Bàbá Fàwáz, ẹ ń jowú bí ìyálé tí wọ́n gbé ìyàwó tuntun bá." Mo ní n ò jowú. Mo kàn ń béèrè ni.

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì
N ò fi ohùn ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ yìí. Látìgbà tó ti dé Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ṣe é lórí Wasáàpù kí n tó lọ síṣẹ́: Àbẹ̀bí, ṣé o jí dáadáa, jẹun kó o tó jáde, má bá ọlọ́kadà asáré lọ. O gbọ́, àbí o ò gbọ́?

Kí Onífídíò máa jí i.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì
Fídíò mìíràn. Onífídíò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta kókó àwọ̀n. Nígbà tó parí, ó ní: "Ẹ gbọ́, àbí ẹ ò gbọ́?" Gbogbo kíláàsì hó: "A gbọ́ oo!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín Toyyibah níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn! Ó ti gba orúkọ, ó ti gba ọ̀rọ̀. Ó ku kó wá ṣí fìlà lórí mi.

Mo wò ó ní àwòtúnwò títí dátà fi tán.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì
Toyyibah pè. Mo jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́.

Sọ́ńdè, 16 Fẹ́búárì
Ó pe ìyá rẹ̀. Mo wà nítòsí, mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá sípánà. Ó ń béèrè ìdí tí n ò fi fi ohùn ránṣẹ́ mọ́, ṣé ara mi le. Ìyá Fàwáz ní ara wọn le, inú wọn ni ò le. Obìnrin yìí! Ó wá yíjú sí mi: "Ta lẹ ń fìyà jẹ gan-an?"

Mo ní sípánà ni mò ń wá. Sípánà wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì
Fàwáz yà kí wa láti Lasunwon tó ń gbé. Kò tíì níṣẹ́ gidi, kò tíì níyàwó, oorun ò kún ojú mi nítorí rẹ̀ — òun ló wá ń gbà mí nímọ̀ràn. "Bàbá mi, ẹ lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì
Mo lọ. Aṣọ funfun, fìlà, bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Mo wọ mọ́tò ní Itamaga. Títí a fi dé Ẹ̀pẹ́ ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún Onífídíò.

Bàbá kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní géètì, ó doríkodò sórí àwọ̀n. Mo ní ẹ kú ìjókòó o, níbo ni mo ti lè rí Tíṣà Toyyibah? Ó gbórí sókè fìrí: "Háà! Bàbá Àbẹ̀bí! Ẹ káàbọ̀ o!"

Onífídíò gan-an ni. Mo ní ta ló sọ fún un pé èmi ni. "Ta ni ò mọ ohùn yín nílé ìwé yìí?" Ó nàka sí fèrèsé kan. Mo tẹ́tí.

Ohùn mi ni. Ó ń jáde látinú fóònù àwọn ọmọ, wọn ò jọ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń lé ìkejì: Àbẹ̀bí, ṣé o jí dáadáa… Ẹ̀kọ́ ìkíni ni. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á fi ohùn tiwọn dáhùn sínú fóònù: ẹ káàárọ̀ sà, a jí dáadáa, ẹ kú iṣẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó dé ìparí, gbogbo wọn hó: "A gbọ́ oo!"

Bàbá Bùsàrí ní ibẹ̀ làwọn ọmọ ti kọ́ ọ, tí wọ́n fi ń pe tíṣà wọn ní Àbẹ̀bí lẹ́yìn, tóun náà fi bá wọn pè é. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣùgbọ́n èyí àtijọ́ ni tíṣà ń gbé fún wọn o. Ó ní tuntun ò dé mọ́. Ó kàn ń wo fóònù ṣáá."

Ó ní kí n wọlé. Mo ní mọ́tò ń dúró dè mí. Irọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ pé mo wá.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì
Mo gbìyànjú láti fi ohùn ránṣẹ́. Mo gbọ́ ara mi — mò ń sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé kíláàsì ń gbọ́. Mo pa á rẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 Fẹ́búárì
Mo tẹ̀ ẹ́ ní títẹ̀, kó lè jẹ́ ti òun nìkan. Mo dà á kọ síbí kí n tó fi ránṣẹ́:

Àbẹ̀bí, ara mi le. Mo wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́rú, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé yín, n ò lè wọlé. Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Wá jẹ sààrì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa. Bí Bàbá Bùsàrí bá fẹ́ bá ọ wá, kí wọ́n máa bọ̀ — ṣùgbọ́n èmi ni màá jí ọ. O gbọ́, àbí o ò gbọ́? Jọ̀ọ́, tètè fèsì.