Wọ́n Gé Ọ̀rọ̀ Bàbá Usamah Sí Méjì

Cow Lane,
Accra, Ghana.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìbàdíàrán, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ kírun láìdi ẹnikẹ́ni mú? Ará Ìnísà ńkọ́? Rasheedah ọmọ yín àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Àwa wà níbí. Ojú mi ṣì ń ríran, ẹnu mi kò sì tíì rẹ̀, ẹ kúkú mọ̀ mí. Wọ́n ní kí n pè yín lórí fóònù, mo ní ọ̀rọ̀ yìí ju ti fóònù lọ. Kíláàsì méjì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni, bàbá Usamah. Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti kú, wọn ò jẹ́ kó sinmi. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló ń jà lé e lórí lọ́jà Odawna níbí. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó bá àwọn oníṣòwò sọ lọ́jọ́ tí gbogbo wa ti ṣọ́ọ̀bù nítorí àwọn ilé ìtajà òyìnbó tó ń gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́? Èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nídìí ọlọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń tún un sọ títí ata mi fi kúnná: "Kí onílé gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, kó má sì tilẹ̀kùn mọ́ àlejò tó bá a kọ́ ọ."

Ẹgbẹ́ kan gé orí ọ̀rọ̀ náà mú. "Kí onílé gba ilé rẹ̀" ni wọ́n kọ sára ẹ̀wù, wọ́n ya àwòrán ẹ̀gbọ́n yín sí i, wọ́n sì ń fi lé àwọn Anago, àwa ọmọ Yorùbá, kúrò lọ́jà. Ojú Anago ni wọ́n fi ń lé Anago! Ẹgbẹ́ kejì mú ìdí ọ̀rọ̀ náà: "Ká má tilẹ̀kùn mọ́ àlejò." Àlejò tiwọn ni olówó kan tó fẹ́ wó ọjà náà, kó fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé alájà mẹ́wàá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Bushrah, ọmọ Usamah, wà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ó wọ ẹ̀wù náà wá kí mi láti Dansoman. Mo ní kò ní fi jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ àgbà. Ó rẹ́rìn-ín: "Mààmá, kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá wí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Mo ní bí wọ́n ṣe wí náà nìyẹn lọ́dún 1969, títí lọ́rì fi kó ẹ̀yin tí ẹ kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana. Ó ní inú ìwé lòun ti rí ohun tí òun ń sọ. Mo ní, "Ìwọ ka ìwé. Èmi sùn ti ẹni tó sọ ọ́."

Ó bínú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi pè mí. Èmi náà ò pè é.

Ní Sátidé, mo gbọ́ pé òun ni yóò ka ọ̀rọ̀ náà níwájú èrò. Mo mú ọ̀pá mi, mo wọ ọkọ̀ trotro, mo lọ dúró síwájú. Ó ka ààbọ̀, èrò pariwo. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù wọn gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ló bá tì mí: "Ìyá Alata, ẹ máa lọ sílé yín!" Bí wọ́n ṣe ń pe ará Nàìjíríà níbí nìyẹn. Bushrah rí i. Lẹ́yìn náà ló fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà: "Kó má sì tilẹ̀kùn mọ́ àlejò tó bá a kọ́ ọ." Wọ́n já máìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

A jọ wálé ni. Ó gbórí lé itan mi bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó ní, "Kí ni bàbá tún sọ?" Mo sọ èyí tí mo mọ̀ fún un. Mo sọ pé ó wí nígbà kan pé kí obìnrin má sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, pé ó ṣì í, mo sì wí i fún un lójú rẹ̀. Bushrah ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá àwọn ìyàwó ilé tó ń fara da yín. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó mọ ohùn rẹ̀ láti kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tí ẹ rántí ránṣẹ́, èyí tó dára àtèyí tó kù díẹ̀ káàtó. Kí ẹ sì sọ ohun tó wí fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì lọ́jọ́ tí wọ́n kó yín lọ. Mo wà lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí i tó ń sunkún. Títí ó fi kú, kò sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni ìyàwó yín olórí kunkun,
Ìyá Usamah.