Wọ́n Pe Àdàkọ Ní Olè

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ sọ fún, torí ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ọmọbìnrin kan, Rendani, rẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Troyeville, àdúgbò tí mo ń gbé lókè òkun níbí. Abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Limpopo ló ti wá sí yunifásítì, ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí wọn. Wọ́n ní kó kọ àròkọ lórí omi mímu nígbèríko. Ó lọ da ojú ewé mẹ́ta kọ láti inú ìwé kan, kọ́mà kan ò yẹ̀, ó sì fi lé wọn lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní ó jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Lọ́la ni yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó lè lé e.

Olè! Ṣé olè a máa fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ohun tó jí? Ó bi mí tẹkúntẹkún: “Eish, Mama, ṣé kí n wá fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó wọ́ yìí ba ọ̀rọ̀ onímọ̀ jẹ́ ni?”

Bí ẹ ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹ ó gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì sára ṣòkòtò, ẹ ó kọ Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó, àwa ó dà á kọ. Ẹni tí kò bá yí nǹkan kan padà ló ń gba máàkì tó pé. Ọjọ́ tí mo fi ọ̀rọ̀ ara mi kọ nípa odò wa, ẹ fa bírò pupa lé gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé tìfẹ́tìfẹ́ ni. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé ibi tí ẹ ń rán wa lọ kò ní gba àdàkọ? Àbí wọn ò sọ fún ẹ̀yin náà?

Ọdún méjìlá ni wọ́n fi kọ́ Rendani bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un níwèé-ẹ̀rí pé ó ti tó gbangba. Ta ló pe àwọn yẹn lẹ́jọ́? Àwọn ọmọ ìlú ńlá ti mọ òfin yìí láti kékeré. Ọmọ abúlé, ẹjọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ìgbìmọ̀ náà ti gbà kí n bá a wọlé. Màá sọ pé bàbá mi, tíṣà abúlé l'Ékìtì, kọ́ mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àti pé ìkọ́ni náà kò dára. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ àléébù yín lẹ́nu mi. Lọ́la, wọn á gbọ́ ọ. Ẹ bá mi bínú tí ẹ bá fẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin ti kúrò níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè lé yín. Òun kò tíì kúrò níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kò dín lọ́kàn rẹ̀.