Ọ̀rọ̀ Fíláàṣì Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Ọ Padà Wálé

Òkè-Ìsàn, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Kẹfà, 2004.

Adédiwúrà, Àjọkẹ́ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, ṣé Àǹtí Ìbíjọkẹ́, ọ̀gá rẹ, ń jẹ́ kí o sùn dáadáa? Ọlọ́run tó mú ọ dé Ìkòsì kò ní gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀, lójoojúmọ́ ni yóò máa yọjú sí ọ. Gbogbo wa ń bẹ láàyè. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan, abo náà sì fojú jọ Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé ni pé káàdì fóònù mi tán lánàá kí n tó dá ọ lóhùn. O bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni kí o di ẹrù rẹ máa bọ̀ nílé, mo lanu báyìí, fóònù sì pa lọ́lọ́. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí.

Láti ìgbà tí Dádì rẹ ti ra fóònù yìí ni ara mi kò ti lélẹ̀. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ń dé lábúlé wa, ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń dúró sí bí ẹni ń retí ọkọ̀. Fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, màá rí orúkọ rẹ, kí n tó gbé e kan etí, ó ti gé. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Diwúrà, kí ni ìwọ ìbá rò? Mo ní wọ́n ń fọwọ́ bo ọmọ mi lẹ́nu. Mo ní wọ́n ń já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ ní Mile 12, wọ́n á dá a padà, kí wọ́n lè rí i já gbà lọ́jọ́ kejì. Dádì rẹ ní olè wo ló ń dá fóònù padà? Mo ní olè Èkó ni, ta ló mọ ìwà wọn? Mo gbààwẹ̀, àwọn ìyá ìjọ bá mi gbà á, ìgbà tó yá ẹ̀rù ba Dádì rẹ náà. Ni wọ́n bá rán Felix, tó ń wa ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Mile 12, pé kó sọ fún ọ kí o fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀, kí o máa bọ̀.

Felix ti lọ tán kí Kúnbi, ọmọ káfíńtà, tó wá lo họlidé, tó bá mi lábẹ́ igi níbi tí mo ti ń sunkún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Mọ́mì Diwúrà, fíláàṣì ni wọ́n ń fíláàṣì yín. Mo ní mo kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn níléèwé, mo sì yege Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC, mànàmáná ló ń fíláàṣì, tọ́ọ̀ṣì ló ń fíláàṣì, èwo ni ti ọmọ mi? Ó ní ẹni tí owó fóònù rẹ̀ kò tó nǹkan ló ń pe èèyàn, tó ń yára gé e, kí wọ́n lè fi owó tiwọn pè é padà. Ó ní ẹ má gbé e, ẹ pè é ni. Ṣé o rí i? Ìwọ ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, èmi ń lọgun olè!

Kò sí káàdì lábúlé títí di ọjọ́ ọjà tó jẹ́ àná, owó tó sì kù lórí fóònù kò ju ti fíláàṣì lọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo fíláàṣì ọ, ìwọ náà fíláàṣì mi, à ń ṣe é lọ ṣe é bọ̀ bí àna méjì tó ń kúnlẹ̀ kí ara wọn, títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fíláàṣì pásítọ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fíláàṣì Ìyá Àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Háà! Odidi ìpàdé ẹbí ni wọ́n pè. Wọ́n ní ìyàwó wo ló ń kan ilẹ̀kùn ìyá ọkọ tó ń sá lọ? Mo ní ẹ má bínú mà, mo kúnlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́ o. Wọ́n ní ta ló rí ọ? Kúnbi, tó sìn mí lọ, ní òun rí mi, orúnkún mi méjèèjì ló kanlẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi tú ká.

Ìdáhùn mi rèé, Diwúrà: má di ẹrù kankan. Dúró ní Ìkòsì, kọ́ṣẹ́ rẹ parí. Ìbẹ̀rù tèmi ni, kì í ṣe ẹ̀bi Èkó. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bí o bá ti jí láràárọ̀, fíláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní gbé e, mi ò sì ní pè ọ́. Bó bá ti dún tó gé, màá mọ̀ pé ọmọ mi jí, màá sì lọ gbálẹ̀ mi pẹ̀lú orin.

Jọ̀ọ́, fi owó káàdì díẹ̀ rán Felix. Ó yà mí lẹ́nu, àṣé èèyàn gbọ́dọ̀ lówó díẹ̀ kó tó lè fi han ẹlòmíràn pé òun kò lówó. Fi òwú dúdú kún un.

Abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lọ́wọ́. Ẹni tí o bá ránṣọ fún á padà wá, á mú ẹlòmíràn dání. O ò ní fi omijé ka lẹ́tà láéláé.

Bí o bá ti ka èyí tán, fíláàṣì, kí n mọ̀ pé o gbọ́. Dádì rẹ dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n ní kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan tiwọn ni.

Èmi ìyá rẹ,
Yẹ́misí