Ìdí Tí Mi Ò Fi Gé Kéèkì Yín

Ilé wa, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù,
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú ìwé yìí, nítorí ibi tí mo wà jìnnà sí ẹsẹ̀ yín. Mo gbà á ládùúrà pé kó bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí ibùsùn, kó sì bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń jà nítorí ta ni yóò lá abọ́ tí ẹ fi po kéèkì. Tí ẹ bá béèrè mi, ara mi le, a dúpẹ́. Ọkàn mi nìkan ni kò le. Ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo bá ìwé dé.

Yàrá kan ni à ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Fèrèsé kan ló ní, ògiri ẹlòmíràn ló sì dojú kọ. Òjò ò dá láti ọjọ́ tí mo ti dé. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ń rùn òróró ẹ̀rọ, títí kan ìrọ̀rí. Ọkọ mi jẹ́ onísùúrù èèyàn. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìyàwó òun kì í bá òun jà, kì í sì í bá òun sọ̀rọ̀, òun ò tíì mọ èyí tí òun ì bá yàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àga yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi látàárọ̀. Mo gbé báàgì mi lé e kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, tí èrò pọ̀, àǹtí ọkọ mi gbé báàgì náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì gbé àga yẹn lọ fún bàbá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ẹ ò ní í wá mọ́.

Ohun tí a fi rọ́pò kéèkì, kò ṣàdédé wá. Èso ni mo kọ́kọ́ dábàá, kí a gé ọsàn àti ìbẹ́pẹ sínú abọ́ ńlá. Àǹtí náà wò mí, ó ní: ‘Ṣé ìgbéyàwó la fẹ́ ṣe ni, àbí a fẹ́ lọ kí aláìsàn?’ Mo ní ó dáa, áísíkirimù ńkọ́. Ó ní òun ò lè wọ aṣọ tuntun wá máa fi ṣíbí bu omi mu. Mo ní bísíkíìtì, ó ní ṣé ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún mẹ́ta la fẹ́ ṣe ni. Ọkọ mi ló wá ní kí n dín páńkéèkì, kí n tò wọ́n lérí ara wọn. Ó fi pákó kan àtẹ alájà mẹ́ta fún mi, bí tiyín gan-an. Mo dín ọgọ́fà. Mo fi oyin sí àárín wọn. Ẹyin tí mo lò, mo fọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife, mo gbé e símú kí n tó dà á, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ife yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Àsìkò tí ayàwòrán ní kí a wá gé e, awakọ̀ yín dé. Ó gbé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi. Mo ṣí i, mo rí ọ̀bẹ onírìbọ́ọ̀nù funfun tí ẹ ti ń tọ́jú dè mí láti ìgbà tí mi ò tíì ga tó tábìlì. Mo béèrè pé kí ni ẹ wí. Ojú ń ti ọkùnrin náà. Ó ní ẹ ní: ‘Kí wọ́n fi gé ohun tí wọ́n bá rí gé.’

Mo mú ọ̀bẹ náà. Bí ọ̀bẹ ṣe kan àjà òkè, oyin gbé e, ó yọ̀ wálẹ̀, ó sì bọ́ sórí bàtà ọkọ mi. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní: ‘Ìyàwó, ilé alájà mẹ́ta tí a ò tíì kó wọ̀ ló wó yìí o.’ Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín wọn tán, wọ́n rí i pé ẹkún ni tèmi. Wọ́n ní ẹkún ìyàwó ni, ayàwòrán sì yà á.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ibi tó kù.

Láti ìgbà tí òtútù burúkú yẹn ti dá yín dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà òjò tó kọjá, imú yín ò gbọ́ òórùn mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ lè wà níta níbi tí ẹ ti ń sá aṣọ, ẹ óò sì pariwo wọlé pé kéèkì ku díẹ̀, kí a má ṣí ààrò. Aago ò sí nínú ilé ìdáná yín, imú yín ni aago. Lẹ́yìn àìsàn yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ wò ó. Lọ́jọ́ kan, mílíìkì jóná mọ́ ìkòkò, ẹ sì jókòó tì í, ẹ ń fi okùn di páálí. Èmi ni mo sáré wá láti ẹnu géètì. Ẹ ní ọkàn yín ò sí níbẹ̀ ni. Mo gbà, nítorí pé mo fẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣe kéèkì àkọ́tọ́wò fún ìgbéyàwó mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fọ páànù. Ẹ fọ́ ẹyin kẹsàn-án sínú ife, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ sì bá mi níbi tí mo wà. Ẹ gbé ife símú. Ẹ fà á dáadáa, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ ní: ‘Ó dára.’ Ẹ sì dà á lé bọ́tà àti ṣúgà.

Mo gbé páànù sílẹ̀. Mo wọlé bí ẹni tó fẹ́ mú aṣọ ìnuwọ́, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti abọ́ náà, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ ní ọkọ ti kó ọpọlọ mi lọ ṣáájú ẹrù mi. Mo nu ilẹ̀ kíákíá kí àwọn ọmọ tó dé, kí wọ́n má baà béèrè pé kí ló ń rùn.

Ọjọ́ kejì ni mo sọ pé mi ò fẹ́ kéèkì mọ́. Ẹ ò pariwo. Ẹ ń nu ife tánganran yẹn, ẹ ń nu ún, ó ti gbẹ, ẹ ṣì ń nu ún. Ẹ wá ní: ‘Kéèkì ló tọ́ ẹ dàgbà. Òun náà ló wá di ohun ìtìjú lójú ẹ.’ Mo lanu, mo tún pa á dé. Abájọ tí ẹ fi sọ mí ní Adákẹ́.

Ohun tí mo rò nígbà yẹn ni pé, bàbá àwọn ọmọ ti kú. Tí mo bá sọ fún ẹ̀yin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Kéèkì pé imú yín ti lọ, kí ni mo fẹ́ kí ẹ fi bọ́ wọn? Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo di tèmi mọ́ àyà kó má baà bọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹyin tí a bá dì mọ́ àyà pẹ́ jù, ibẹ̀ náà ló ń bàjẹ́ sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ sọ fún ọkọ mi pé ẹ ti gba iṣẹ́ kéèkì ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, alájà márùn-ún, fún ìparí oṣù. Igba èèyàn ni yóò jẹ ẹ́.  Ẹyin kan péré ni yóò ba orúkọ tí ẹ fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ jẹ́, kò sì ní í sí ẹni tí yóò fi ìgbọ̀nwọ́ ti abọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ọkọ mi ti gbà. Èmi yóò máa fọ́ ẹyin, ẹ̀yin ẹ máa po. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ẹ sọ pé àbúrò yín ò mọ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sè, ẹ ń tún un kọ́. Mi ò ní í sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyẹn ò ṣòro fún mi.

Ẹ ò ní láti kọ̀wé padà. Ẹ kàn fi ife tánganran náà rán awakọ̀, èyí tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Tí mo bá ti rí ife, mo ti wà lójú ọ̀nà. Tí mi ò bá rí i, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mi ò sì ní í yọ yín lẹ́nu mọ́.

Kí Ọlọ́run tó fi yín ṣe ìyá fún mi nígbà tí mi ò ní ìyá má jẹ́ kí iná ààrò yín kú. Kí ọwọ́ yín má gbọ̀n, kí àwọn ọmọ dàgbà lójú yín. Ohun tó lọ lára yín, kó rántí ọ̀nà ilé. Tí kò bá sì rántí, kí ẹ rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi kéèkì tọ́,
Adákẹ́.

Àfikún: Ìwé yìí ì bá ti kúrò lọ́wọ́ mi lánàá. Ọkọ mi ló kà á, tó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ẹyin kúrò, kí n kàn tọrọ àforíjì, pé ìyẹn ni yóò tètè tù yín nínú. Mi ò yọ ọ́. Tí ẹ óò bá bínú sí mi, ẹ bínú nítorí òótọ́, ẹ má bínú nítorí páńkéèkì.