Ẹsẹ̀ Mi Kì í Ṣe Pátákó Ìkọ̀wé Àwọn Ọmọ Nọ́ọ̀sì

Abúlé Alápó,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kẹwàá, 1984.

Olúyẹ́misí, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú òtútù Jọ́ọ̀sì tí í mú ènìyàn wọ súwẹ́tà ní ọ̀sán gangan. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé àwọn ará Anglo Jọ́ọ̀sì tí ẹ jọ ń gbé ń ṣe dáadáa? Olúwa tí ó ń ṣọ́ wa níhìn-ín kò ní gbàgbé láti yà sọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ kí ọ. Ó dúró sẹ́yìn mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ń sọ ohun tí n óò kọ fún mi, n kò sì kọ ọ̀kankan níbẹ̀, nítorí èmi ni mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin láyé àwọn òyìnbó, kì í ṣe òun.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. O ní kí n padà wá sí Jọ́ọ̀sì kíákíá, kí ìwọ àti àwọn tí ò ń kọ́ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè máa bójú tó ẹsẹ̀ mi, pé bí n kò bá wá, ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́ débi tí dókítà yóò fi gé e. Mo ka ibẹ̀ sétí ìyá rẹ, ó bú sẹ́kún. Èmi rẹ́rìn-ín ni. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń ru iṣu láti oko dé ọjà kí a tó bí ọ, tí kò wú, tí kò dùn mí, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, òun ni o ní wọn yóò gé. N kò wá. Mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, kí o má baà rò pé owó ọkọ̀ ni kò sí.

Àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ yẹn, kí ni wọ́n mọ̀? Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù yín, wọ́n á yí mi ká bí ẹni tó fẹ́ ná ewúrẹ́. Ọ̀kan á di ọwọ́ mi mú, á máa wo aago, bíi pé mo ń pẹ́ dé ibì kan. Òmíràn á so rọ́bà mọ́ mi lápá, á máa fi atẹ́gùn sínú rẹ̀ bí Ọ̀ṣẹ́nì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níhìn-ín ti ń fi atẹ́gùn sí táyà, á wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ga. Ta ló sọ fún un pé ó kúrú tẹ́lẹ̀? Ìwọ alára á dúró láàárín wọn bí ọ̀gá ṣọ́jà, wàá máa sọ gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Falilat, èyí tó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá òun, túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ò ń sọ pé èmi kì í ṣe aláìsàn kékeré, pé àtọ̀gbẹ wà lára mi, ẹ̀jẹ̀ ríru wà, kíndìnrín mi náà sì ti ń rojọ́, pé ńṣe ni àwọn àìsàn náà ń ti ara wọn lẹ́yìn, ẹni tó bá sì dojú kọ ọ̀kan tó gbàgbé ìyókù kò tíì tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ó ní o tún sọ pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú ẹsẹ̀, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ni kí wọ́n tọ́jú. Olúyẹ́misí, ṣé bí wọ́n ṣe ń fi bàbá ẹni han àlejò nìyẹn? O kò sọ fún wọn pé alàgbà ìjọ ni mí. O kò sọ pé èmi ni mo ta kòkó rán ọ lọ sí ilé ìwé. Àìsàn mi nìkan ni o kà fún wọn.

Ohun tí mo rí ní kíláàsì yín tún wá burú jù. Mo yọjú síbẹ̀ láti wá ọ, mo bá obìnrin òyìnbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da aṣọ bò ó dé àyà. Mo kí i ní Yorùbá, kò dáhùn. Mo kí i ní Hausa, mo ní sannu, kò dáhùn. Mo ní ó dáa, agbéraga ni. Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ wọlé, wọ́n tú u láṣọ, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ mìíràn, wọ́n sì fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ọmọlangidi ni. Ìwọ náà mọ irú ọmọlangidi tí a máa ń wẹ̀ tí a sì ń fún lóúnjẹ nílẹ̀ wa. Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo fi aṣọ bo orí, mo ń sunkún, mo ń rò ó pé ìgbà wo ni ọmọ mi bí ìbejì tí ọ̀kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kò sì sọ fún èmi bàbá rẹ̀, àti pé irú ìbejì wo ni yóò tó àgbàlagbà báyẹn. Nígbà tí mo fọgbọ́n bi ọ́ bóyá Táyé ni tàbí Kẹ́hìndé, o rẹ́rìn-ín títí o fi di ògiri mú. O ní òun ni ẹ fi ń kọ́ bí a ti ń tọ́jú ènìyàn. Ènìyàn sì kún Jọ́ọ̀sì báyẹn, ère ni ẹ ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀.

Ti ọsàn ńkọ́? Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó jókòó ti agbọ̀n ọsàn, tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé àìsàn wo ló ń ṣe ọsàn. Ó ní kí ọwọ́ òun lè dá ṣáká ni, kó tó kan èmi. Ìyẹn ni pé ọsàn ṣáájú mi nínú ìtọ́jú yín. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìtọ̀ mi ni wọ́n ń sè. Wọ́n á dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á bu omi aláwọ̀ aró mọ́ ọn, wọ́n á gbé e sórí iná. Mo ti jẹ oríṣiríṣi ohun tí obìnrin sè láyé mi, n kò rí irú èyí rí. Ìtọ̀ àwọn tó kù ní wọ́ọ̀dù kò ju kó di àwọ̀ ewé lọ. Tèmi pọ́n bíi bíríkì, inú mi sì dùn, mo ní kí wọ́n gbé e kiri kí gbogbo ènìyàn rí i. Wọ́n ní ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ayé tí ṣúgà wọ́n bí ojú yìí, tí ènìyàn ń tò sórí ìlà láti àárọ̀ nítorí páálí kan, ara èmi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ wá ní àìsàn ni, o sì gba tíì aládùn lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kọ́ ló lé mi kúrò, Falilat ni. O ní kí ó fi aṣọ bò mí lójú, kí ó máa fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kí n máa sọ bí mo bá mọ̀ ọ́n lára. Eré ọmọdé. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yá mo ń dáhùn kó tó béèrè, kí eré náà lè tètè parí. Ni ọmọ yìí bá ṣí aṣọ kúrò lójú mi, ó ní, "Haba Baba, o ń parọ́ mana. N ò tíì fọwọ́ kàn ẹ́."

Ó pè mí ní "o". Èmi tí mo lè bí bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Angwan Rukuba, tí Hausa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, kò mọ̀ pé "ẹ" wà fún àgbà, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta ayò, ó sì tún pè mí ní onírọ́. Mo yíjú sí ìwọ tí mo bí, mo ń retí kí o gbá a létí. O ní kí n má bínú, pé yóò kọ́ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó sọ, ẹsẹ̀ mi kò mọ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ náà ni mo di ẹrù mi. Mo ní kí aránbàtà kan fi ìṣó kan ìsàlẹ̀ tuntun mọ́ bàtà mi, kí n má baà wọ ìlú bí ẹni tí wọ́n lé wálé, mo sì wọ ọkọ̀.

Níhìn-ín, ohun gbogbo ń lọ déédéé. Àgbàdo gbó. Adéwùmí àbúrò rẹ ti bí ọkùnrin, ó fi imú jọ mí. Ibi tí mo ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, èèrà ti bò ó. Ògúnlàdé ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ṣe iṣẹ́ rélùwéè, kò gbà pé mo ju òun lọ, ó wá tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, èèrà kan ṣoṣo kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ojú tì í lọ sílé. Ìyá rẹ nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ yàrá, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo ní ó ń pa adìẹ jẹ láìfún mi ní itan. Ó fi ìwọ búra pé òun kò pa adìẹ kankan. Mo ń wò ó níran.

N kò tíì sọ ti jígí fún ọ. Èyí tí ń jẹ́ Veronica nínú àwọn ọmọ rẹ, ọmọ ìlú Du lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá, ní gbogbo àárọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á tẹ̀ ba, á ní, "Yaya jiki, Baba?" Mo mọ̀ pé yaya ni báwo, jígí sì ni jígí. Jígí mi ló ń béèrè. Mo máa ń fi ọwọ́ ṣàlàyé fún un pé n kò ní, á wá wò mí tàánú-tàánú, á ní sannu. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn tó kù ń fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ra tiwọn. Ojú tì mí. Nítorí náà, nígbà tí mo délé, mo gba jígí alùpùpù àtijọ́ kan lọ́wọ́ Ọ̀ṣẹ́nì, ó wà nílẹ̀ níwájú mi báyìí. Ògúnlàdé ní ara ni Hausa ń pè ní jiki, pé ara mi ni ọmọ náà ń béèrè, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ ẹni tí èèrà kọ̀? N kò padà wá o, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bi mí ní ohun tí n kò ní. Jẹ́ kí n gé èékánná ẹsẹ̀ mi ná, n óò parí ìwé yìí bí mo bá ṣe tán.

Olúyẹ́misí, mo ti padà dé ìdí ìwé mi. N kò ní ya ohun tí mo ti kọ, bébà wọ́n. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, mo wolẹ̀, mo sì rí ihò dúdú kan nínú jígí. Mo ní Ọ̀ṣẹ́nì ti rẹ́ mi jẹ, jígí tó ti lu ló fún mi. Mo fi aṣọ nù ún, ihò kò kúrò. Mo mi ẹsẹ̀, ihò náà mì. Mo pe ìyá rẹ. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó wò ó. Ó ní ìṣó aránbàtà ni, ó ti wọlé tán, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta, gbogbo ibẹ̀ sì ti jẹrà. Èmi ni mo ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ yàrá. Mo ní kó fà á yọ. Mo di àga mú, mo fi eyín di ẹ̀wù mi mú, mo dijú, mo ń dúró. Mo wá ní kí ló ń dúró dè, kó fà á kí ó tán. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀, ìṣó náà ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo ti fi ọwọ́ ara mi tẹ ojú ibẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, bí ẹni tẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ìyá rẹ ní kò rùn, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń yí imú.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, ti ènìyàn méjì, nítorí ìyá rẹ kò ní jẹ́ kí n dá rìn. Fi díẹ̀ lé e fún bàtà, rọ́bà ni kó jẹ́, kí ó má ní ìṣó. Èrò mi nípa àwọn ọmọ rẹ kò yí padà, òpè ni wọ́n, ṣùgbọ́n pe gbogbo wọn, má ṣẹ́ ẹnì kankan kù, kí wọ́n wá yí bẹ́ẹ̀dì mi ká. Gbogbo àìsàn mi ni kí o kà fún wọn, má fi ọ̀kan pamọ́.

Olúwa yóò fún ọ ní ọmọ tí kò ní bá ọ rojọ́ bí mo ti ń bá ọ rojọ́ yìí. Wàá pẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ, ọwọ́ rẹ kò ní wárìrì. Ohun tó bá sì yẹ kó dùn ọ́, Olúwa kò ní jẹ́ kó ṣaláì dùn ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alàgbà Oyèdélé.