Irin Ìyá Oníná

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Irin tí o ṣe sán lónìí, Ìyá Oníná, ìyàwó mi. Ìgbà ogójì péré la da ooru bò ó — ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń wá. Èmi ni mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: ó sán. Ọ̀gá ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á pa fáìlì rẹ dé. Ilé iná tí wọ́n fẹ́ kọ́, níbi tí átọ́ọ̀mù yóò ti máa yọ́ mọ́ra bíi ti inú oòrùn, irin tó ń sán ò lè ṣe ògiri rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ó mọ̀ pé kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí mo sin ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 5
Mò ń nu tíréè rẹ. Irin kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó dojú délẹ̀ lórí aṣọ. Gbogbo àwọn yòókù tó ń ṣe irin ló ń kọ ojú tó máa gba iná sókè. Ìwọ nìkan lo máa ń da tìẹ dé, kí eruku má baà bà á. Tojú tẹ̀yìn ló sì jọra bí ìbejì. O sọ fún mi tó ìgbà ogún — lórí ibùsùn pàápàá! Mo sì gbé e bí mo ṣe ń gbé ti gbogbo ayé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ síná. O kọ ọ́ sára tíréè o — ìfọwọ́kọ̀wé rẹ ni mi ò lè wò láti ọjọ́ tí mo ti sin ọ́. Mo sọ òkò sọ́jà, ará ilé mi ló bà.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo jẹ́wọ́. Ọ̀gá fajú ro. Olójú Idì, ọmọbìnrin tó ń wo máíkírósíkóòpù, ló gbà mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí irin sódì! Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe ṣòkòtò yín." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ẹyọ kan ló kù o. Tó bá tún sán, ó tán nìyẹn." Mo ní mo gbọ́, sà.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ojú rẹ̀ gan-an ni mo kọ síná lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà ọ̀ọ́dúnrún. Kò tíì sán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ẹgbẹ̀ta. Olójú Idì fipá mú mi jókòó, ó ní mo ti gbóná ju irin lọ.

Ọjọ́rú, 12
Ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olójú Idì wò ó kó tó sọ̀rọ̀. Kò sán, kò wú, kò bó. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọn ò ní í pa fáìlì rẹ dé mọ́. Mo kọ orúkọ rẹ sínú fọ́ọ̀mù, gàdàgbà, níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó ṣe irin. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àyè ìbuwọ́lùwé. Akọ̀wé ní kí n bá ọ buwọ́ lù ú, ṣebí ìyàwó mi ni ọ́.

Mi ò buwọ́ lù ú. Mo fi àyè rẹ sílẹ̀ fún ọ.