Súìtì Igbó àti Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Tuesday, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá

Ọ̀rọ̀ lọ́yà mi ò kúrò lọ́kàn mi láti ọ̀sán. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó máa ń bá mi ṣeré, ṣùgbọ́n lónìí kò rẹ́rìn-ín.

Ilé-iṣẹ́ insurance ọkùnrin tó já red light ní Glenarden níbí, tó wá gbá mọ́tò mi lóṣù tó kọjá, ti rí i nínú ìwé ọsibítù pé igbó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo ṣàlàyé pé súìtì igbó kan ṣoṣo ni mo jẹ lálẹ́ Friday kan, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Monday tó tẹ̀lé e ni ọkùnrin náà gbá mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣé màá jẹ ẹ́ kí n tún wakọ̀ ni?

Ó ní, "Mọ́mì, òfin ibí gbà yín láyè láti jẹ igbó, ó sì máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Maryland, tí ẹ̀bi yín bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ ò ní rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn."

Ló bá fi fídíò ṣọ́ọ̀ṣì wa hàn mí. Àwọn insurance ti rí ìyẹn náà. Èmi rèé níwájú ìjọ, tí mò ń jẹ́rìí: "Ojú mi ti ṣú, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́! Kì í ṣe èmi ló wa mọ́tò yẹn, Jésù ló wà á!" Gbogbo ìjọ ń ké halelúyà.

Ojú mi ò ṣú rárá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀rí náà dùn ni.

"Mọ́mì, wọ́n máa bi yín lábẹ́ ìbúra. Ta ló wa mọ́tò?"

Mo ní èmi ni. Ó wá ń ṣe mí bíi pé mo sẹ́ Olúwa mi.